Kọ̀ǹpútà 6, router 2, síbẹ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò ríran: ẹ gbà mí o, ará Àkúrẹ́

Ìyá_Ìbejì_SouthGate (Ajé, 9:12 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní lápá South Gate FUTA. Kọ̀ǹpútà 6 ló wà níbẹ̀: 4 ní yàrá iwájú, 2 ní yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá. Àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún mi gbé àpótí funfun kan kalẹ̀ síwájú, ó ní eríàlì 2. Switch oníhò 8 kan wà lábẹ́ tábìlì, òun ni wáyà kọ̀ǹpútà iwájú ń wọ̀.

Oṣù tó kọjá ni mo ra router kejì fún yàrá ẹ̀yìn, torí Wi-Fi kì í dé ibẹ̀ dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti sinmi mọ́. Iwájú ń rí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn náà ń rí i, àmọ́ kọ̀ǹpútà iwájú kò rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ rárá. Ọmọ iṣẹ́ mi ló wá ń fi fláàṣì sáré láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ẹni tó ń gbé ọbẹ̀ gbígbóná lọ fún àlejò. Èyí tó tún burú jù ni pé ìgbà mìíràn gbogbo ẹ̀ á kàn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, iwájú, ẹ̀yìn, gbogbo ẹ̀. Jímọ̀ tó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ tẹ project tò dé ẹ̀bá títì nígbà tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ta ọjà fún mi ní kí n ra router kẹta. Ṣé kí n rà á?

Aláròyé (9:20)

Ẹ rà á. Ẹ ra ìkẹrin mọ́ ọn. Tó bá di mẹ́fà, ẹ máa ta router, ẹ fi ìtẹ̀wé sílẹ̀.

Wáyà_Ò_Purọ́ (9:41)

Ìyá Ìbejì, ẹ má ra nǹkan kan o. Ẹ dá aláròyé yìí lóhùn lọ́jọ́ mìíràn.

Ìbéèrè kan: wáyà tó ti iwájú wá, ihò wo lẹ fi í sí lára router kejì? Ihò kan máa ń dá yàtọ̀ níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ búlúù tàbí yẹ́lò, wọ́n á kọ WAN sí i, ìyẹn ojú ìta tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Àwọn yòókù ni LAN, ti ẹ̀rọ inú ilé. Mo lè búra pé inú WAN ló wà. Ìbéèrè kejì: nígbà tí gbogbo ẹ̀ bá dákẹ́, báwo ni iná kéékèèké ara switch yẹn ṣe ń ṣe?

Ìyá_Ìbejì_SouthGate (10:05)

Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ti dé ṣọ́ọ̀bù mi rí ni? Ihò búlúù ni, WAN ló wà lára ẹ̀. Ti iná, gbogbo wọn á máa ṣẹ́jú pa pọ̀, kíákíá kíákíá, bí iná ọkọ̀ ọlọ́pàá. Ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́, oníkálukú ló ń ṣẹ́jú tirẹ̀.

Tíṣà_Alágbàká (10:38)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti fẹ̀yìn tì, mo ráyè. Ẹ jẹ́ kí n ti ọjà wọ ọ́, torí orúkọ àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń da aráyé láàmú ju iṣẹ́ wọn lọ.

Ẹni tó bá dé Ọjà Ọba tó pariwo "Ìyá Ṣadé!", obìnrin mẹ́wàá ló máa yíjú. Ẹnì kan ló ni orúkọ, ẹni mẹ́sàn-án á pòṣé. Iṣẹ́ hub nìyẹn. Ohunkóhun tó bá ti ihò kan wọlé, gbogbo ihò yòókù ló máa tú u sí, ẹni tí kò kàn á gbà á, á jù ú nù. Bí ẹni méjì bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, méjèèjì á bàjẹ́, wọ́n á tún un sọ. Bí Ethernet ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn: lọ́dún 1973 ni Robert Metcalfe gbé èrò náà kalẹ̀ nílé-iṣẹ́ Xerox ní Amẹ́ríkà, wáyà nínípọn kan ṣoṣo sì ni gbogbo ẹ̀rọ jọ ń pín lò. Hub wá dà bí kéèyàn ká wáyà yẹn jọ sínú àpótí kékeré kan.

Switch dà bí alábàárù tó ti pẹ́ lọ́jà. Ẹ kàn dárúkọ ni, ìsọ̀ yẹn ló máa gbé ẹrù lọ tààrà. Báwo ló ṣe mọ̀? Káàdì network inú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí wọ́n ti kọ mọ́ ọn láti ilé-iṣẹ́, MAC ni wọ́n ń pè é, bíìtì 48. Kọ̀ǹpútà kan ò ní tíì sọ̀rọ̀ tán tí switch á ti kọ ọ́ sórí pé lágbájá wà ní ihò 3. Ẹni tí kò bá tíì mọ̀, tàbí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti gbogbo èèyàn, nìkan ló máa gbé kiri gbogbo ihò.

Router kò sí nínú ọjà rárá. Páàkì ló wà. Kò mọ ìsọ̀ ẹnikẹ́ni, ohun tó mọ̀ ni ọkọ̀ tó ń lọ Ọ̀wọ̀ àti èyí tó ń lọ Iléṣà. Ẹrù tó bá ń jáde nílùú ni tirẹ̀. Modem sì ni ògbufọ̀: ohun tó gba orí fáíbà tàbí afẹ́fẹ́ wá, kọ̀ǹpútà kò gbọ́ èdè rẹ̀, modem ló ń tú u. Access point ń sọ ọ̀rọ̀ orí wáyà di Wi-Fi, ó parí síbẹ̀.

Àpótí funfun tí wọ́n gbé fún Ìyá Ìbejì, gbogbo wọn ló wà nínú ẹ̀: modem, router, switch oníhò bíi mẹ́rin, access point. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pe ohun gbogbo tó ní eríàlì ní router, tí ẹni tó nílò access point sì ń lọ ra router.

Wáyà_Ò_Purọ́ (11:02)

Bàbá ti sọ ọ́ tán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín rèé, Ìyá Ìbejì.

Ìgbà tẹ́ ẹ ki wáyà bọ WAN, router kejì gbà pé ìta ni yàrá iwájú yín. Ó wá da ara rẹ̀ sí ìlú ọ̀tọ̀, ó ti ìlẹ̀kùn láti inú. Ará ilé lè jáde, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn fi ń rí íntánẹ́ẹ̀tì. Àlejò kò lè wọlé, ìdí nìyẹn tí iwájú kò fi rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Kò bàjẹ́ o. Iṣẹ́ tí wọ́n rán router ló ń jẹ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i fúnra yín, ẹ ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń pè ní cmd lórí kọ̀ǹpútà iwájú kan, ẹ tẹ ipconfig. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú IPv4 Address. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti ẹ̀yìn náà. Ti iwájú lè jẹ́ 192.168.1 nǹkan kan, ti ẹ̀yìn á jẹ́ 192.168.0 nǹkan kan. Tí nọ́ńbà kẹta bá ti yàtọ̀ lórí router ilé báyìí, wọn kì í ṣe ará ilé kan náà.

Àtúnṣe rẹ̀: ẹ sọ router kejì di access point. Àwọn kan ní bọ́tìnnì fún un nínú settings, wọ́n á kọ AP Mode sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó parí. Tí tiyín ò bá ní in, ẹ wọ inú settings ẹ̀, ẹ fún un ní nọ́ńbà tó bá ti àpótí funfun mu ṣùgbọ́n tí ẹlòmíì kò ní, bíi 192.168.1.2 tí ti àpótí bá jẹ́ 192.168.1.1. Lẹ́yìn náà ẹ pa DHCP rẹ̀. DHCP ni ẹni tó ń pín nọ́ńbà fún gbogbo ẹ̀rọ tó bá wọlé, ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ máa pín in nínú ilé. Ẹ fi èyí sílẹ̀ dìgbẹ̀yìn: ẹ yọ wáyà kúrò nínú WAN, ẹ wá fi sínú ọ̀kan nínú àwọn ihò LAN. Tẹ́ ẹ bá fi sínú LAN kẹ́ ẹ tó pa DHCP, ẹ ti yan ọba méjì sórí ìtẹ́ kan, nọ́ńbà á dàrú lọ́wọ́ gbogbo kọ̀ǹpútà.

Ti dídákẹ́ yẹn, mo ti ń fura. Ẹ sọ fún mi, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ kété kí ó tó dákẹ́?

Ọmọ_Ìdànrè (11:30)

Ẹ̀gbọ́n, ṣé Ìyá Ìbejì ò lè ra repeater kékeré tí wọ́n ń ki mọ́ ògiri yẹn ni? Kò gba wáyà rárá.

Wáyà_Ò_Purọ́ (11:34)

Àbúrò, ó lè lò ó tó bá jẹ́ pé WhatsApp nìkan ló ń wò. Repeater olówó pọ́ọ́kú, orí afẹ́fẹ́ kan náà ló ti ń gbọ́ tó tún ti ń tún un sọ, nǹkan bí ìdajì eré rẹ̀ á lọ sí i. Wáyà ti wà nílẹ̀ níbẹ̀, kí ni wọ́n tún ń fi afẹ́fẹ́ ṣe?

Ẹkìmọ̀gún_Gidi (12:15)

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi láti Oǹdó. Yàrá kọ̀ǹpútà iléèwé kan ni mo ń bójú tó. Wọ́n gbé iṣẹ́ wáyà fún ẹnì kan kí n tó dé, kọ̀ǹpútà 20. Lójoojúmọ́ la máa ń rí méjì mẹ́ta tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Tó o bá tẹ ipconfig, wàá rí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254. Ẹ há èyí sórí: tẹ́ ẹ bá rí 169.254, kọ̀ǹpútà yẹn béèrè nọ́ńbà, kò rẹ́ni dá a lóhùn, ó wá fún ara rẹ̀ ní ọ̀kan. Ẹ má fọwọ́ kan Windows. Wáyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Mo gé wáyà kan, mo fi abẹ fá okùn inú rẹ̀ díẹ̀. Pupa lókè, funfun nísàlẹ̀. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà pa lára! Tó o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kán. Bàbà gidi, tó o bá fá a dé inú, pupa náà ni. Látìgbà yẹn, n kì í ra wáyà láìmú abẹ dání, kódà tó bá jẹ́ pé Cat6, ìpele wáyà network tó ju Cat5e lọ, ni wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí. Cat5e oníbàbà gidi sàn fún mi ju Cat6 ayédèrú lọ, ó lè gbé gígábíìtì kan (mẹ́gábíìtì 1000) ní ìṣẹ́jú-àáyá kan títí dé mítà 100. Ta ló ní ṣọ́ọ̀bù tó gùn tó mítà 100 nínú wa?

Hub náà wà níbẹ̀ o! Tòkunbọ̀, 10 mẹ́gábíìtì. Ẹnì kan tà á fún wọn ní orúkọ switch. Ẹ yí àpótí padà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Tíṣà_Alágbàká (12:40)

Ẹkìmọ̀gún, o ṣeun. Kí n fi kan kún un. Okùn 8 ló wà nínú wáyà yẹn. Eré 100 mẹ́gábíìtì, okùn 4 péré ló ń lò: ìkíní, ìkejì, ìkẹta àti ìkẹfà. Gígábíìtì ń lo gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Nítorí náà, tí okùn ìkẹrin tàbí ìkarùn-ún bá kán, íntánẹ́ẹ̀tì kò ní dákẹ́. Á kàn máa rọra wọ́ ni, o kò ní mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn.

Ìyá_Ìbejì_SouthGate (1:50 ọ̀sán)

Mo ń ka gbogbo ẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán mi ti tutù. Bọ̀ọ̀dá Wáyà, ẹ bi mí léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kó tó dákẹ́. Mo bi ọmọ iṣẹ́ mi. Ó ní òun ò mọ nǹkan kan. Ó wá ní àfi pé ó jọ pé ìgbà tí kọsítọ́mà tó gbé laptop wá bá lọ tán ni. Wáyà kan wà lórí tábìlì tá a máa ń fi fún ẹni tó bá gbé laptop tiẹ̀ wá. Mo rò pé laptop wọn ló ń kó àìsàn bá wa.

Wáyà_Ò_Purọ́ (1:58)

Ìyá Ìbejì! Tí kọsítọ́mà bá lọ tán, ibo ni ọmọ yẹn ń fi ẹnu wáyà náà sí?

Ìyá_Ìbejì_SouthGate (2:20)

Ẹ gbà mí. Inú switch náà ló ń kì í bọ̀. Ó ní kí ẹsẹ̀ má baà máa tẹ̀ ẹ́ nílẹ̀ ni. Ó rí ihò tó ṣófo, ó sì fi sí i kó lè wà ní mímọ́.

Aláròyé (2:22)

Ọmọ dáadáa ni o. Ẹ fi owó kún owó rẹ̀.

Wáyà_Ò_Purọ́ (2:31)

Mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi yọjú. Òun gan-an nìyẹn. Wáyà kan, ẹnu rẹ̀ méjèèjì nínú switch kan. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kọ̀ǹpútà máa ń sọ fún gbogbo èèyàn, bíi "ta ló ń pín nọ́ńbà níbí?" Switch á gbé e jáde ní gbogbo ihò. Ó jáde ní ihò 7, ó gba ara wáyà yẹn wọlé ní ihò 8, switch rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni, ó tún gbé e jáde ní gbogbo ihò. Kò ní òpin. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ariwo á ti kún ọjà, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́. Iná tó ń ṣẹ́jú pa pọ̀ yẹn ni àmì rẹ̀. Tí kọsítọ́mà mìíràn bá dé, tí ọmọ bá fa ẹnu kan yọ fún un, gbogbo ẹ̀ á sàn, ẹ̀yin á wá rò pé pípa tẹ́ ẹ pa á tẹ́ ẹ sì tàn án ló ṣiṣẹ́.

Switch olówó ńlá, èyí tí wọ́n ń ṣètò látinú settings, mọ bó ṣe lè ti irú ihò bẹ́ẹ̀ pa. Tiyín yẹn, kò mọ̀ ọ́n. Kẹ́ ẹ má tìtorí ìyẹn lọ ra olówó ńlá o, ẹ kàn wá ibi tẹ́ ẹ máa so ẹnu wáyà mọ́.

Ọmọ_Ìdànrè (3:04)

Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí router kejì bá di access point, ṣé Wi-Fi méjèèjì ò ní máa pariwo mọ́ ara wọn ni? Hostel wa báyìí, tí mo bá wá Wi-Fi, orúkọ bíi 30 ló ń jáde.

Wáyà_Ò_Purọ́ (3:20)

Ìbéèrè gidi nìyí. Ní 2.4 GHz, ọ̀kan nínú àwọn ìgbì afẹ́fẹ́ tí Wi-Fi ń lò, ẹ fi ọ̀kan sí channel (ojú ọ̀nà inú ìgbì náà) 1, èkejì sí 6 tàbí 11. Mẹ́ta yẹn nìkan ni kò gun orí ara wọn. Àwọn tó ń yan 3 tàbí 4 torí pé kò sẹ́ni níbẹ̀, apá ọ̀tún àti apá òsì ni wọ́n ti ń dí wọn lọ́wọ́. Ìgbì kejì, 5 GHz, yá jù ú lọ, àmọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù ń gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ẹni tó wà nínú yàrá kan náà ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún. Ẹ fún Wi-Fi méjèèjì ní orúkọ kan náà àti ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà, fóònù á máa ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì fúnra rẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kọ̀ǹpútà tí kò kúrò lójú kan, wáyà ni kẹ́ ẹ fún wọn. Mi ò yí ọ̀rọ̀ yìí padà.

Ẹkìmọ̀gún_Gidi (3:45)

Mo ta kò ọ́ díẹ̀ níbẹ̀ o. Bí wáyà bá gba ìta láti ilé kan sí ìkejì, lásìkò òjò yìí, mo máa fi Wi-Fi ṣe é. Àrá kan sán lọ́dún kan, kò balẹ̀ sórí ilé wa gan-an, ṣùgbọ́n wáyà tá a fà gba ẹ̀yìn ògiri lọ sí ọ́fíìsì pa switch 2 àti káàdì network kọ̀ǹpútà 5. Iná ò kan kọ̀ǹpútà yẹn láti ibi sọ́kẹ́ẹ̀tì, ara wáyà network ló gbà wọlé.

Wáyà_Ò_Purọ́ (3:52)

Ti ìta, mo gbà fún ọ. Tàbí kí wọ́n fa fáíbà, kí wọ́n fi media converter, àpótí kékeré tó ń so fáíbà pọ̀ mọ́ wáyà network, sí ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Gíláàsì ni fáíbà, iná mànàmáná kò bá a rìn. Kí wọ́n sáà yẹra fún èyí tó ní irin nínú.

Tíṣà_Alágbàká (4:10)

Ẹ má gbàgbé ádápítọ̀. Ìgbà tí iná bá lọ, táwọn ọmọ ń wá èyí tí wọ́n máa fi tan router lórí bátìrì, wọ́n á mú èyí tó bá ṣáà wọ ihò. Ẹ ka ara rẹ̀! Tí router bá kọ 12V, 12V ni kẹ́ ẹ fún un. Ámpìà ti ádápítọ̀ lè ju ti router lọ, kò léwu, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ kéré sí i. Kẹ́ ẹ sì wo àmì tó ń sọ èyí tó wà láàárín ẹnu ádápítọ̀, bóyá pọ́sítíìfù ni. Mo ti sin router méjì nítorí ọ̀rọ̀ yìí. UPS kékeré oní-12V wà tí wọ́n ṣe fún router nìkan, ó ń gbé àpótí àti switch kékeré fún wákàtí mélòó kan, kọsítọ́mà tó ń forúkọ sílẹ̀ kò ní já láàárín kí jẹnẹrétọ̀ tó dìde.

Ìyá_Ìbejì_SouthGate (Ìṣẹ́gun, 11:25 àárọ̀)

Ẹ kú ọjọ́ o. Mo dé pẹ̀lú ìròyìn.

Router kejì tèmi ní AP Mode. Ó fi ara pamọ́ sábẹ́ ibi tí wọ́n kọ Operation Mode sí. Mo tẹ̀ ẹ́, ó pa ara rẹ̀, ó tún tan. Mo yí wáyà láti búlúù sí LAN. Mo tẹ ipconfig níwájú, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, nọ́ńbà kẹta ti bára mu. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ́kọ́ ṣorí kunkun, kọ̀ǹpútà ṣì ń wá a ní nọ́ńbà àtijọ́. Mo yọ ọ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà iwájú, mo tún un fi sí i. Ìwé àkọ́kọ́ jáde, ọmọ iṣẹ́ mi pàtẹ́wọ́.

Mo wá mú ọ̀rọ̀ Bàbá Tíṣà lò. Kọ̀ǹpútà kẹta níwájú, ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń wọ́. Mo wo ipò rẹ̀ nínú settings, mẹ́gábíìtì 100 ló kọ, àwọn tó kù kọ 1000. Àbúrò mi ọkùnrin wá pẹ̀lú pliers àti ẹnu wáyà tuntun. Ó gé ti àtijọ́, ó to okùn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-buráwùn, buráwùn. Ìgbà àkọ́kọ́ ó ṣi búlúù àti ewé fún ara wọn, tester fi hàn, ó tún gé e. Ẹ̀ẹ̀kejì ló bọ́ sí i. 1000!

Wáyà laptop yẹn, mo ti fi ìṣó kan ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ibẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ máa ń há sí. Mo sì ti fi téèpù dí ihò tó ṣófo nínú switch.

Ọmọ_Ìdànrè (11:40)

Mọ̀mí, ẹ kú oríire. Ṣé project mi lè wá báyìí? Ojú ewé 84 ni, supervisor fẹ́ ẹ lónìí.

Ìyá_Ìbejì_SouthGate (11:43)

Máa bọ̀. PDF ni kó o gbé wá o, má gbé Word tí àwọn nọ́ńbà ojú ewé rẹ̀ ń sá kiri wá bá mi.

Aláròyé (11:44)

Router kẹta ńkọ́?